Ẹ Gbé Ẹjọ́ Olè Mẹ́rin Wá sí Ìkirè àti Apòmù

Ẹjọ́ tí ó bá kan ọjà, iwájú àwọn ará ọjà ni ó yẹ kí a ti dá a. Kò bójú mu pé kí a kó ẹlẹ́jọ́ lọ sí ibi tí ẹsẹ̀ àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn kò lè dé, kí a sì wá padà wá sọ fún wọn pé ìdájọ́ ti parí. Ìdí nìyí tí a fi gbé ọ̀rọ̀ eré àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kalẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí níwájú ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí. Eré kan wà tí ó ti lé ní ogójì ọdún tí a ti kọ́kọ́ ṣe é, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń ṣe é ní yunifásítì kan dé òmíràn. Ẹjọ́ ọjà ni ó dá lé lórí, ọwọ́ àwọn òǹwòran ni ìdájọ́ sì wà. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń nájà gan-an kì í sí níbẹ̀. A fẹ́ kí èyí yí padà, a sì fẹ́ kí ìyípadà náà ti Ìkirè àti Apòmù bẹ̀rẹ̀.

Orúkọ eré náà ni Once Upon Four Robbers. Ọ̀jọ̀gbọ́n Fẹ́mi Òṣófisan, ọmọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ni ó kọ ọ́. Oṣù kẹta ọdún 1979 ni a kọ́kọ́ ṣe é ní ilé eré Arts Theatre tí ó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Kí a tó lè mọ ohun tí eré náà ń sọ, ó yẹ kí a rántí ìgbà tí ó ti jáde wá. Ní ọdún 1970, lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí, ìjọba ológun ṣe òfin tí ó dájọ́ ikú fún adigunjalè. Nígbà tí ó di ọdún 1971, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí so àwọn tí a dá lẹ́bi mọ́ òpó ní etíkun Bar Beach ní Èkó, wọ́n ń yìnbọn pa wọ́n ní gbangba, èrò sì ń wọ́ lọ síbẹ̀ bí ẹni tí ń lọ wo egúngún. Ìbọn dún, ìbọn tún dún, síbẹ̀ olè kò tán nílẹ̀. Ohun tí ó mú òǹkọ̀wé náà mú kálámù rẹ̀ nìyẹn.

Nínú eré náà, a ti yìnbọn pa olórí àwọn olè kan. Àwọn mẹ́rin tí ó ṣẹ́kù, obìnrin kan àti ọkùnrin mẹ́ta, kò mọ ibi tí wọn yóò gbà. Àáfà kan wá fún wọn ní orin tí ó ní agbára: bí wọ́n bá ti kọ ọ́, gbogbo ẹni tí ó wà ní ọjà yóò máa jó, oorun yóò sì gbé wọn lọ. Lára àdéhùn tí ó bá wọn ṣe ni pé wọn kò gbọdọ̀ ja tálákà lólè, wọn kò sì gbọdọ̀ pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n bí a ti ń wo àwọn olè wọ̀nyí, bẹ́ẹ̀ ni a ń rí àwọn mìíràn tí a kò so mọ́ òpó. A rí àwọn ọlọ́jà tí ń fi ọjà gún aráàlú lójú nítorí èrè àjẹjù. A rí ṣọ́jà tí a rán wá mú olè, tí ó rí owó tí wọ́n jí, tí ó sì gbé e pamọ́ fún ara rẹ̀. Nígbà tí eré ń lọ sí òpin, a ti so ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin náà mọ́ òpó, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti dé láti gbà á sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ohun gbogbo ti dúró sójú kan. Àáfà yóò wá kọjú sí àwọn òǹwòran, yóò sì bi wọ́n léèrè: kí a pa àwọn olè wọ̀nyí ni, àbí kí a dá wọn sílẹ̀? Bí òǹwòran bá ti wí ni eré yóò ti parí.

Ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀. Láti oṣù kìíní ọdún 1966 ni àwọn ológun ti gba ìjọba. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1979 ni wọ́n tó gbé e fún àwọn alágbádá. Fún ọdún mẹ́tàlá àti ààbọ̀, kò sí ẹni tí ó bi aráàlú pé, 'Kí ni ẹ̀yin wí?' Nínú ọdún ìkẹyìn yẹn ni eré kan dìde, tí ó ní kí àwọn tí ó jókòó sórí àga dá ẹjọ́ ikú àti ìyè. Àwa tí a ń polongo pé agbára ìjọba wà lọ́wọ́ olùdìbò kò gbọdọ̀ fojú kéré irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá kọ́ bí a ṣe ń gbọ́ tẹnu ẹni méjèèjì kí ó tó gbé ọwọ́ sókè nínú eré, báwo ni yóò ṣe ṣe é ní ọjọ́ ìbò?

Àwọn kan yóò ní eré ìgbàlódé ni èyí, eré àdánwò tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń fi dán ara wọn wò, pé kò sí èyí tí ó kan àgbẹ̀ nínú rẹ̀. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ta ni kò mọ àlọ́ tí ìbéèrè ń parí rẹ̀ láàrin wa? Bàbá àgbà yóò pa á tán, yóò ní kí àwọn ọmọdé sọ ẹni tí ó jàre, àríyànjiyàn yóò sì gba ilé kan títí oorun yóò fi kùn wọ́n. Apàlọ́ ni ó bẹ̀rẹ̀ eré Òṣófisan pàápàá, orin inú rẹ̀ sì jẹ́ orin Yorùbá. Ohun tí wọ́n pè ní tuntun ní Ìbàdàn, àgbàlá wa ni ó ti jáde lọ. Ẹ kò sì gbàgbé pé láti ìgbà Hubert Ògúndé ní nǹkan bí ọdún 1945, títí dé orí Kọ́lá Ògúnmọ́lá àti Dúró Ládipọ̀, àwọn àgbẹ̀, oníṣẹ́ ọwọ́ àti ìyálọ́jà ni wọ́n ń kún gbọ̀ngàn ìlú fọ́fọ́ láti wo eré. Kò sí ẹni tí ó kọ́ wọn bí a ṣe ń wòran.

Ọ̀rọ̀ èdè ni ó kù. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ eré náà, ìyẹn ni ó sì dí ọ̀nà mọ́ àwọn ènìyàn wa. Ṣùgbọ́n ní Arts Theatre kan náà, ní ọdún 1963, Kọ́lá Ògúnmọ́lá ṣe Ọ̀mùtí, tí a mú láti inú ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí Amos Tutùọlá kọ ní ọdún 1952, èdè Yorùbá ni ó sì fi ṣe é pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ yunifásítì. Bákan náà, ní ọdún 1964, nígbà tí ayé ń ṣe ìrántí irínwó ọdún tí a bí Shakespeare, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn to pèpéle eré sórí ọkọ̀ ńlá, wọ́n sì gbé iṣẹ́ òyìnbó náà káàkiri orílẹ̀-èdè yìí. Bí ọkọ̀ bá lè gbé Shakespeare kiri, ṣé ẹjọ́ ọjà wa ni yóò wá wúwo jù fún un? Ìbàdàn sí Ìkirè kò jìnnà. Ìkirè pàápàá ti ní akẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀: láti ìgbà tí a ti dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní ọdún 2006, Ìkirè ni a fi ẹ̀kọ́ èdè, ìtàn àti àṣà sí. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ń jẹ dódò Ìkirè, wọ́n ń gbé láàrin wa. Kí iṣẹ́ wọn náà wá gbé láàrin wa.

Ìdí wo ni a fi dárúkọ Apòmù mọ́ ọn? Ẹni tí ó bá ka ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, yóò mọ̀ pé ọjà Apòmù ni Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tí ó ṣáájú ti ìwé náà. Níbẹ̀ ni a ti ń jí ènìyàn gbé, tí a ń tà wọ́n sóko ẹrú. Níbẹ̀ náà ni ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ lórí ataare, ìjà kékeré tí ó bí ogun Òwu, tí ogun Òwu sì pa ìlú ńlá run. Lónìí, ọ̀rọ̀ ìjínigbé tún ti padà wá dẹ́rù ba àwọn tí ń lọ sóko. Ìlú tí ó mọ ohun tí olè ọjà lè dá sílẹ̀ bí Apòmù ṣe mọ̀ ọ́n, ó ní ẹ̀tọ́ láti jókòó gẹ́gẹ́ bí adájọ́ nínú eré yìí ju ẹnikẹ́ni tí ó kàn kà nípa rẹ̀ nínú ìwé lọ.

A gbọ́ tí àwọn òbí kan ń wí pé eré tí ó fi orin sí olè lẹ́nu yóò kọ́ ọmọ wọn ní olè jíjà. A bọ̀wọ̀ fún ìbẹ̀rù wọn, nítorí ẹni tí olè ti jà kì í fẹ́ gbọ́ àwàdà nípa olè. Ṣùgbọ́n eré náà kò yin olè. Ó kọ̀ láti dá ẹjọ́ kí ó tó gbọ́ ọ ni. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ̀yin àgbẹ̀ kòkó ẹ mọ olè tí kò gbé ìbọn dání: alágbàtà tí òṣùwọ̀n rẹ̀ kì í wọ̀n tó, ẹni tí ń dínwó kòkó yín nítorí pé ó mọ̀ pé owó ilé ìwé ọmọ ti dé ọrùn. Bí Àáfà bá bi yín léèrè, ìdáhùn yín yóò ní ohun tí ìdáhùn àwọn ọmọ ilé ìwé kò ní nínú.

Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè nìyí. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ òǹkọ̀wé, kí wọ́n sì túmọ̀ eré náà sí Yorùbá tí ó jinná. Kí wọ́n ṣe é ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn, lẹ́yìn tí a bá ti ká kòkó tí a sì ti sá a gbẹ, ní alẹ́ ọjọ́ kan ní Ìkirè àti ní alẹ́ ọjọ́ kejì ní Apòmù. Kí owó ìwọlé má ju ohun tí aláta lè san lọ. Kí àwọn ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa ní ìlú méjèèjì wá àga, ìjókòó àti iná, kí wọ́n má sì gbé àsíá ẹgbẹ́ kankan síbẹ̀. Nígbà tí ìbéèrè bá dé, kí a ka ọwọ́ tí ó gbéra lójú gbogbo ènìyàn, tọkùnrin tobìnrin, kí a sì jẹ́ kí ẹni tí ó bá fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ sọ ọ́. Ìwé ìròyìn yìí yóò tẹ ìdájọ́ Ìkirè àti ti Apòmù jáde, ìbáà ṣe bákan náà ni wọ́n dá a, ìbáà sì yàtọ̀ síra.

Bí ẹnìkan bá sì dìde láàrin èrò, tí ó ní olè karùn-ún wà tí eré náà kò dárúkọ, tí ó sì na ìka sí àwa òṣèlú tí a jókòó níwájú, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa á lẹ́nu mọ́. Kí a dìde, kí a sọ tẹnu wa, kí a sì dúró de ìdájọ́ bí àwọn mẹ́rin ìyókù.