Ìdámẹ́wàá Owó Òǹkọ̀wé
Láti ọdún 2017 tí wọ́n ti dá Substack, ìkànnì tí òǹkọ̀wé fi ń fi ìwé ránṣẹ́ sí òǹkàwé lórí ímeèlì, sílẹ̀ ní San Francisco, ọ̀nà tó ń gbà jẹun kò lọ́jú pọ̀: òǹkọ̀wé tí kò gbowó lọ́wọ́ òǹkàwé kì í san kọ́bọ̀, ẹni tó bá ń gbowó, ìdámẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ ti ilé iṣẹ́ náà. Mo fara mọ́ èyí fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, torí bí òǹkọ̀wé ò bá tíì jẹ, àwọn náà ò ní jẹ. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí 1,000 èèyàn bá ń san dọ́là 5 lóṣù, dọ́là 500 ni Substack yóò mú, láìka ohun tí Stripe, tó ń bá wọn gbowó, yóò yọ. Bí wọ́n bá di 10,000, ó di dọ́là 5,000, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ kan náà ni. Ghost, ìkànnì mìíràn fún irú iṣẹ́ yìí, ní tirẹ̀ ń gba owó ìlò, kì í bu nínú owó òǹkàwé. Ohun tí mo yin Substack fún jù ni pé àdírẹ́sì ímeèlì àwọn òǹkàwé jẹ́ ti òǹkọ̀wé. Bó bá ń lọ, ó lè kó wọn dání. Ẹ̀yin òǹkọ̀wé, ẹ máa ṣe ẹ̀dà rẹ̀ pa mọ́ déédéé. Lọ́jọ́ tí ìdámẹ́wàá bá wúwo jù, òun lẹ ó fi rọ́nà lọ.