Ìlú Kan Ti Tó fún Àlejò Ọjọ́ Kan

Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ bá gúnlẹ̀ sí èbúté Kútọnù, àwọn èrò inú rẹ̀ kì í sábà ní ju ọjọ́ kan lọ lórí ilẹ̀ wa. Láàárọ̀ ni wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti wọlé padà, ọkọ̀ sì ti kọrí sí Lomé tàbí sí èbúté mìíràn. Ohun tí a fẹ́ sọ nínú ìwé ìròyìn wa yìí, tí a ó sì sọ láìfepo-bọyọ̀, ni pé a ń fi ọjọ́ kan náà ṣòfò. A ń fi ti àlejò ṣòfò, a sì ń fi tiwa ṣòfò pẹ̀lú. Ọjọ́ kan tó láti fi mọ ìlú kan díẹ̀. Kò tó láti fi mọ ìlú mẹ́ta rárá. Ìlú tí ó sì yẹ kí a fi ọjọ́ náà fún, lójú tiwa, ni Àjàṣẹ́, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ká ní ọkọ̀ dé ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀, tí yóò sì ṣí ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Lójú ìwé, wákàtí mẹ́wàá ni. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ ìwé ọkọ̀ àti ti èrò wò kí ẹnikẹ́ni tó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, ọ̀gá ọkọ̀ náà sì ń fẹ́ kí gbogbo èrò ti wọlé kí ó tó tú okùn. Ohun tí ó kù kì í fi bẹ́ẹ̀ ju wákàtí méje tàbí mẹ́jọ lọ. Ouidah wà ní nǹkan bí 40 kìlómítà sí ìwọ̀-oòrùn. Ganvié wà lórí adágún Nokoué, ọkọ̀ kékeré ni a sì ń wọ̀ débẹ̀ láti Abomey-Calavi. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí méjèèjì lọ́jọ́ kan, tí ó tún fẹ́ ra ọjà ní Kútọnù kí ó tó wọkọ̀, yóò lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú wákàtí rẹ̀ lórí ìjókòó bọ́ọ̀sì, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, tí yóò máa wo ìlú láti ojú fèrèsé. Bẹ́ẹ̀ gan-an sì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ètò tí a ń tà fún wọn rí. Àwọn baba wa ti sọ pé ẹni tí ó bá lé eku méjì yóò pòfo. Àwa ń ní kí àlejò lé mẹ́ta, a sì ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ lórí òfo náà.

Àwọn kan yóò dáhùn pé àlejò fúnra rẹ̀ ni ó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwa kò gbà. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Nínú ohun tí a kọ síwájú rẹ̀ ni ó ti ń yàn. Bí a bá kọ ibi mẹ́ta sórí ìwé kan, tí a sì kọ ibi kan sórí òmíràn, tí owó méjèèjì dọ́gba, ta ni kò ní mú mẹ́ta? Ẹni tí ó kọ ìwé náà ni ó jẹ̀bi, kì í ṣe ẹni tí ó kà á.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a ń tàbùkù Ouidah. Púpọ̀ nínú àwọn tí a kó gba etíkun yẹn kọjá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ wa, wọ́n sì ń sọ èdè wa. Ẹnubodè ńlá tí a kọ́ sí etí òkun níbẹ̀ ní 1995, tí a ń pè ní Porte du Non-Retour, jẹ́ ibi ọ̀fọ̀. Ṣùgbọ́n ibi ọ̀fọ̀ kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń sáré gbà kọjá láàárín oúnjẹ ọ̀sán àti ọjà. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ sí Ouidah, kí ó fi gbogbo ọjọ́ náà fún Ouidah. Ìyẹn tọ́, ó sì yẹ. Ohun tí a kọ̀ ni kí a máa gé ìbànújẹ́ àwọn baba ńlá wa sí ogójì ìṣẹ́jú, kí awakọ̀ sì máa fun fèrè pé àkókò ti lọ.

Ẹ̀wẹ̀, ìtàn tí àlejò ń gbọ́ ní Ouidah, ìdajì ni. A sọ fún un nípa àwọn tí wọ́n lọ. Ta ni ó ń sọ fún un nípa àwọn tí wọ́n padà wá, àti nípa àwọn tí wọn kò kúrò nílé rí? Ìdajì kejì yẹn wà ní Àjàṣẹ́, ní nǹkan bí 30 kìlómítà péré sí ìlà-oòrùn èbúté. Àwọn Àgùdà, àwọn tí wọ́n ti Brazil padà àti àwọn ọmọ wọn, kọ́ ilé síbẹ̀, ilé alájà pẹ̀lú fèrèsé onígun àti ọ̀dà aláràbarà. Mọ́sáláṣí ńlá ìlú náà, tí a kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò mọ̀ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá àgbélébùú lórí rẹ̀. Ilé kan ṣoṣo yìí lè kọ́ àlejò ju ìwé lọ: pé ọmọ Yorùbá di ẹrú ní òkè òkun, ó kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ níbẹ̀, àwọn ènìyàn rẹ̀ gbé iṣẹ́ náà padà sílé, wọ́n sì fi kọ́ ilé tí wọn yóò ti máa kírun. Ignacio Paraïso, ẹni tí baba rẹ̀ jẹ́ Yorùbá tí a kó lẹ́rú lọ sí Brazil, di ọ̀kan lára àwọn aṣáájú Mùsùlùmí ní ìlú náà. Èwo nínú àwọn bọ́ọ̀sì tí ń sáré lọ sí ìwọ̀-oòrùn ni a ti ń sọ èyí?

Àtijọ́ jìnnà ju ìyẹn lọ. Ní àdúgbò Accron, ojúbọ Àbọ̀rí Mẹ́sàn-án wà níbẹ̀ títí di òní. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé àwọn ọdẹ Yorùbá mẹ́ta ni wọ́n rí abàmì olórí mẹ́sàn-án níbẹ̀, tí wọ́n fi tẹ̀dó, kí àwọn ọmọba Àjá tó dé láti dá ìjọba tiwọn sílẹ̀. Ìlú kan náà ní orúkọ mẹ́ta: àwa ń pè é ní Àjàṣẹ́, àwọn Gùn ń pè é ní Hogbonu, àwọn Potogí sì sọ ọ́ ní Porto-Novo. Ẹni tí ó bá lè ṣàlàyé orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún àlejò lábẹ́ igi kan ti ṣàlàyé ìtàn etíkun yìí fún un. Ààfin Honmè, níbi tí Ọba Toffa ti jọba, wà láàárín ìlú. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí a fi orúkọ Alexandre Sénou Adandé pè ní àwọn ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ nípamọ́. Gbogbo ibi wọ̀nyí, àyàfi ọjà Ouando tí ó wà lẹ́yìn ìlú díẹ̀, ni ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn dé láti ọ̀kan sí èkejì. Ìrìn ẹsẹ̀ ni ó sì ń jẹ́ kí àlejò gbọ́ èdè, kí ó gbọ́ òórùn ọbẹ̀, kí ó kí ènìyàn, kí a sì kí i padà.

Láàárín àwa fúnra wa, àwọn ará Kétu yóò bi wá pé: kí ló dé tí kì í ṣe Kétu? Ṣebí Kétu ni orírun, Kétu ni ó ní Àkàbà Ìdènà, orúkọ Kétu sì ni àwọn olórìṣà ní Bahia fi ń pe ilé àti ìran wọn títí di òní. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n Kétu ju 100 kìlómítà lọ sí Kútọnù, Ṣábẹ̀ẹ́ sì ju 200 lọ. Ẹni tí a bá gbé sáré lọ sí Kétu, tí a sì gbé sáré padà, Àkàbà Ìdènà nìkan ni yóò rí, kò ní rí Kétu. Kétu kì í ṣe ìlú tí a ń yà sí. Ìlú tí a ń sùn sí ni. Ìdí nìyí tí Àjàṣẹ́ fi wúlò fún Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́: ẹni tí ó bá jẹun dáadáa ní Àjàṣẹ́ yóò béèrè ibi tí ìdílé náà ti ṣẹ̀ wá, yóò sì padà wá gba ọ̀nà ilẹ̀, láìsí fèrè ọkọ̀ tí ń pè é.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí ó dùn wá jù lọ. A ti ń gbọ́ ọ láàárín wa pé kí a gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lọ sí etí èbúté, kí ó jó fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bí àlejò ti ń sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n ya àwòrán, kí wọ́n sì da owó. Àwa lòdì sí i pátápátá. Ní 2001 ni UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ohun àjogúnbá tí kò lẹ́gbẹ́, ní 2008 ni ó sì wọ inú àkọsílẹ̀ àgbáyé, lórúkọ Benin, Nàìjíríà àti Togo lápapọ̀. A kò fún un ní ọ̀wọ̀ yẹn nítorí pé aṣọ rẹ̀ dára lójú. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní òru rẹ̀, ó sì ní ọ̀sán rẹ̀. Lóru ni Ẹ̀fẹ̀ ń kọrin, tí ó ń súre fún àwọn ìyá wa, tí ó ń bá ọ̀bàyéjẹ́ wí, tí ó ń fi ẹnu ba olójúkòkòrò lára; ọ̀sán ọjọ́ kejì ni ijó. Bí a bá gé òru kúrò, tí a gé orin kúrò, tí a gé àwọn ìyá kúrò, kí ni ó kù? Igi àti aṣọ ni. Onígbá ní í pe igbá rẹ̀ ní pàǹkàrà kí wọ́n tó bá a fi kólẹ̀. Bí àwa bá fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kí bọ́ọ̀sì káàbọ̀, kí a má bínú lọ́la bí àwọn ọmọ wa bá sọ pé eré àlejò ni.

Èyí kò túmọ̀ sí pé kí a fi ohun gbogbo pamọ́. Ẹ jẹ́ kí a pe agbẹ́gilére kan láti agbègbè Ṣàkẹ́tẹ̀ tàbí Pọ́bẹ̀, kí ó jókòó pẹ̀lú igi rẹ̀ àti ọ̀bẹ rẹ̀, kí ó sọ bí a ti ń yan igi, ìdí tí ère fi ń wà lórí kì í ṣe níwájú ojú, àti ohun tí eku, ejò tàbí ẹyẹ tí ó gbẹ́ sórí rẹ̀ ń wí. Wákàtí kan lọ́dọ̀ rẹ̀ yóò kọ́ àlejò ju ijó àgékù mẹ́wàá lọ. Kí a sì sanwó iṣẹ́ fún un, owó tí a ti dá ṣáájú, kì í ṣe owó tí a ń jù sílẹ̀.

Àwọn àgbà kan nínú ẹgbẹ́ wa ní tiwọn sọ pé kí a fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún àwọn tí ń fi í jẹun. Iṣẹ́ àṣà kì í ṣe iṣẹ́ èbúté. A bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n a kò lè tẹ̀lé wọn. Èbúté ti wà lára ìtàn wa láti ìgbà tí a kò ní àṣẹ lórí rẹ̀. Nísinsìnyí tí a lè fẹnu sí i, ṣé àkókò náà ni a ó dákẹ́? Bí a bá dákẹ́, ẹlòmíràn yóò sọ ìtàn wa fún wa, yóò sọ ọ́ ní gbólóhùn mẹ́ta, yóò sì gba owó.

Nítorí náà, ohun mẹ́rin ni a ń béèrè. Èkíní, kí ẹgbẹ́ wa kọ ètò ọjọ́ kan fún Àjàṣẹ́ nìkan, láti aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ títí di aago mẹ́ta ọ̀sán, kí bọ́ọ̀sì lè ní wákàtí tí ó tó fún ìpadàbọ̀, nítorí ọkọ̀ kì í dúró de ẹni tí ó pẹ́. Èkejì, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa jẹ́ amọ̀nà, kí a kọ́ wọn, kí a yẹ̀ wọ́n wò, kí a sì san owó fún wọn: ọmọ tí ó gbọ́ Yorùbá, Gùn àti Faransé kò yẹ kí ó jókòó sílé nígbà tí àjèjì ń ṣi orúkọ àdúgbò rẹ̀ pè. Ẹ̀kẹta, kí oúnjẹ ọ̀sán jẹ́ oúnjẹ ìlú, ẹ̀kọ, àkàrà, ọbẹ̀ ẹja, lọ́wọ́ àwọn ìyá tí wọ́n ń sè é, kí owó lè dé ọwọ́ wọn. Ẹ̀kẹrin, kí a bá àwọn onílé, àwọn àlùfáà àti àwọn olójúbọ sọ̀rọ̀ ṣáájú, kí wọ́n sọ ibi tí àlejò lè dé àti ibi tí kò lè dé, kí ọ̀rọ̀ wọn sì jẹ́ òfin.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iye ibi tí a gbé àlejò dé wọn iṣẹ́ yín. Ẹ fi ìbéèrè kan wọ̀n ọ́n nígbà tí ó bá ń gun àkàsọ̀ ọkọ̀ padà: ṣé ó lè pe orúkọ ìlú tí ó ti wá bí àwa ti ń pè é, kí ó sì sọ ìdí tí ó fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Bí ó bá lè ṣe é, ọjọ́ náà kò ṣòfò. Bí kò bá lè ṣe é, ì báà jẹ́ ìlú márùn-ún ni ó rí, kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa.