Owó Ẹyọ Tí Ojú Kò Rí: Ta Ló Yẹ Kó Ru Ẹ̀bi Bí Káàdì Ọkọ̀ Bá Kọ̀?

Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, kí oòrùn tó yọ dáadáa, èrò ti máa ń pọ̀ ní ibùdókọ̀ BRT Ọbaníkòró, lójú ọ̀nà Ìkòròdú. Àwọn tó ń lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó wà níbẹ̀, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ láti Ṣómólú àti Bàríga wà níbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà kò gbẹ́yìn. Ọkọ̀ dé, oníkálùkù na káàdì sí ẹ̀rọ kékeré kan, ẹ̀rọ náà dún, onítọ̀hún kọjá.

Ká ní ó wá kan ìyá oníṣòwò kan. Ó na pọ́ọ̀sì rẹ̀ sí ẹ̀rọ, kò dún. Ó tún un nà, iná pupa ló tàn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tọ́jú ẹnu ọ̀nà ní, "Màmá, ẹ kàn án dáadáa." Ẹni tó wà lẹ́yìn ti ń pòṣé. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná." Ìyá náà bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń yí káàdì síwá sẹ́yìn bí ẹni pé òun ló jẹ̀bi. Kò sí ẹnì kan tó wo ẹ̀rọ.

Bí nǹkan ṣe sábà máa ń rí nìyẹn: ẹni tó na káàdì ni ẹjọ́ kọ́kọ́ ń dá lẹ́bi. Àmọ́ bí ènìyàn bá fara balẹ̀ wo bí káàdì àti ẹ̀rọ náà ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀, yóò rí i pé ibi tí ó yẹ kí ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀ kọ́ nìyẹn.

Oṣù Kẹta ọdún 2008 ni ọkọ̀ BRT bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọ̀nà Máìlì 12 sí CMS, tó gba Ọbaníkòró kọjá. Tíkẹ́ẹ̀tì bébà ni wọ́n ń lò nígbà náà. Àwọn ará Ṣómólú, tí gbogbo Èkó mọ̀ mọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé, mọ bébà tinú-tẹ̀yìn: ohun tí wọ́n bá tẹ̀ sí i lára kì í yí padà, bí ìjà bá sì dé, èrò yóò na tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ síta. Ní 2021 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó gbé káàdì Cowry kalẹ̀ kí sísan owó lọ́wọ́ lè dópin nínú ọkọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù Kẹsàn-án 2023, tí aláwọ̀ pupa sì tẹ̀ lé e ní oṣù Kẹwàá 2024, káàdì yìí kan náà ni wọ́n fi ń wọ̀ wọ́n.

Kò sí ọmọ Èkó tó gbọ́n tí yóò ní kí a padà sí ayé ṣéńjì. Ẹni tí kọ́ńdọ́kítọ̀ dánfó ti so pọ̀ mọ́ àjèjì méjì lórí ẹgbẹ̀rún náírà kan ṣoṣo, tí ọ̀kan nínú wọn ń lọ sí Fádéyì, tí èkejì ń sáré lọ sí ibi iṣẹ́, mọ ohun tí káàdì gba òun lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdàgbàsókè ni káàdì. Ohun tó kù nínú rẹ̀ ni ìdájọ́ òdodo.

Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ pàápàá ń rán ni létí. Owó ẹyọ ni àwọn baba ńlá wa fi ń ná ọjà kí owó òyìnbó tó dé. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan, àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá jẹ́ ọ̀kẹ́ kan. Iṣẹ́ ńlá ni kíkà rẹ̀, ó sì wúwo láti rù, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀tọ́ kan tí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn: olùtà kà á, olùrà kà á, ojú àwọn méjèèjì ló ṣe. Owó ẹyọ ti ayé òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Apá kan ṣoṣo ló lè kà á, ìdí rẹ̀ sì wà nínú bí wọ́n ṣe ṣe káàdì náà.

Bí ènìyàn bá la irú káàdì bẹ́ẹ̀, kò ní bá bátìrì níbẹ̀. Ohun méjì péré ló wà láàárín ike rẹ̀: ṣíìpù kan tí kò tó èékánná ọmọńdinrín, àti wáyà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ká lẹ́ẹ̀mélòó kan yípo etí káàdì. Wáyà yẹn ni áńténà rẹ̀. Ṣíìpù àti áńténà yìí pa pọ̀ ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní táàgì. Ẹ̀rọ tó ń kà á ni wọ́n ń pè ní rídà. Ọgbọ́n tó so àwọn méjèèjì pọ̀ ni RFID, ìyẹn dídá nǹkan mọ̀ nípasẹ̀ ìgbì rédíò.

Báwo wá ni ohun tí kò ní bátìrì ṣe ń ṣiṣẹ́? Ẹ wo tiransifọ́mà tó wà ní ìkòríta àdúgbò. Wáyà méjì tí wọ́n ká lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Wọn kò fara kan ara wọn, síbẹ̀ iná ń ti inú ọ̀kan dé inú èkejì, nítorí agbára òòfà tí ti àkọ́kọ́ ń tú jáde ló ń ru iná sókè nínú èkejì. Bí rídà àti káàdì ṣe rí nìyẹn. Áńténà rídà náà jẹ́ wáyà kíká. Iná inú rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, ní ìgbà mílíọ̀nù 13.56 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, agbára òòfà tó yí i ká sì ń bá a lọ, ó ń bá a bọ̀. Bí káàdì bá wọ àárín agbára òòfà yìí, wáyà tirẹ̀ yóò gba ìwọ̀nba iná tó lè jí ṣíìpù. Bí wọ́n bá gbé e kúrò, ó ti sùn padà nìyẹn. Nínú tiransifọ́mà, irin ló ń gbé òòfà náà kiri. Láàárín rídà àti káàdì, afẹ́fẹ́ lásán ni. Ìdí nìyẹn tí irú káàdì yìí kò fi lè ṣiṣẹ́ kọjá nǹkan bíi sẹ̀ntímítà mẹ́wàá, tó sì jẹ́ pé díẹ̀ ni lójú ọ̀nà, níbi tí gbogbo nǹkan ti ń kánjú.

Bí káàdì ṣe ń fèsì ló tún yani lẹ́nu jù. Kò ní ohùn tirẹ̀. Ẹni tó bá ti gbé ilé tí yàrá kọjú sí yàrá mọ̀ pé bí aládùúgbò bá ki áyọ́ọ̀nù bọná, gílóòbù yàrá kejì yóò ṣẹ́jú, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ yóò sì rẹlẹ̀ díẹ̀. Bí aládùúgbò náà bá ń tàn án, tó ń pa á, ní ọ̀nà tí àwọn méjèèjì ti jọ fẹnu kò sí, ó lè fi gílóòbù ẹlòmíràn ránṣẹ́ láìla ẹnu. Ohun tí ṣíìpù ń ṣe gan-an nìyẹn. Ó ń fa iná rídà, ó ń dẹ̀ ẹ́, rídà ń mọ ìyípadà náà lára áńténà tirẹ̀, ó sì ń kà á bí nọ́ńbà.

Táàgì mìíràn wà tó jẹ́ pé mítà mélòó kan ni wọ́n ti ń kà á, irú èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ páálí ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí. Ìyẹn kì í fa iná bí áyọ́ọ̀nù. Ńṣe ló ń dá ìgbì rídà padà bí ọmọdé ṣe ń fi dígí dá ìtànṣán oòrùn sí ẹnìkejì lójú. Harry Stockman ti kọ̀wé lórí irú ọgbọ́n yìí láti 1948. Pásípọ́ọ̀tù oníṣíìpù tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2007 jẹ́ ìbátan káàdì ọkọ̀ ní tirẹ̀: òun náà kò ní bátìrì, òun náà kò sì lè sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé rídà sún mọ́ ọn.

Nígbà tí a bá ti mọ èyí, kíkọ̀ tí káàdì ń kọ̀ kò ní jọ idán mọ́. Pọ́ọ̀sì tí ìyá oníṣòwò nà sí ẹ̀rọ lè ní káàdì ATM nínú. Káàdì méjì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ra yóò pín iná kan náà, wọn yóò sì jọ fèsì. Rídà lè kọ̀ láti yan èyí tí yóò gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tó dára ló sì ṣe. Kọ́kọ́rọ́ tàbí irin mìíràn tó wà nítòsí yóò jẹ nínú agbára òòfà náà. Bí wọ́n bá fi etí káàdì kọjú sí ẹ̀rọ dípò pẹlẹbẹ rẹ̀, òòfà kò ní gba inú wáyà rẹ̀ kọjá. Káàdì tí wọ́n ti jókòó lé lórí fún oṣù mẹ́fà lè ti já nínú. Gbogbo ìwọ̀nyí jẹ́ ti èrò, kò sì burú kí wọ́n kọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n ti ẹ̀rọ ńkọ́? Irin ni ọkọ̀ bọ́ọ̀sì látòkèdélẹ̀. Ẹni tó bá gbé áńténà rídà mọ́ ara irin láìfi ohun tó yẹ sáàárín wọn ti gé agbára rẹ̀ kù kí ọkọ̀ tó kúrò ní gáréèjì. Omi òjò lè wọ inú rẹ̀. Iná tó ń gbà lè máà tó. Ojú rẹ̀ yóò ṣì máa tàn, yóò ṣì ka káàdì tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ típẹ́típẹ́, yóò sì kọ èyí tó jìnnà ní ìwọ̀n ìka méjì. Èrò kò ní ọ̀nà kankan láti mọ̀. Òun yóò kàn rò pé káàdì òun ló bàjẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Káàdì kò ní bátìrì, kò ní ojú, kò ní aago. Kò lè sọ ohun tí wọ́n mú lórí rẹ̀, kò lè sọ ìgbà tí wọ́n mú un, kò sì lè ya ẹnu àfi tí rídà bá bi í. Agbára, ohùn, àkọsílẹ̀ àti ìṣirò, ọ̀dọ̀ ẹni tó ni rídà ni gbogbo wọn wà. Ẹni tí gbogbo ẹ̀rí wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ẹrù àlàyé yẹ kó já lé léjìká.

Owó gidi wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Níbi tí wọ́n bá ti ń fi káàdì kan ẹ̀rọ nígbà wíwọlé àti nígbà sísọ̀kalẹ̀, ẹni tó wọ ọkọ̀ ní Ọbaníkòró tó sì sọ̀ ní Fádéyì lè san owó CMS bí ẹ̀rọ kejì kò bá gbọ́ tirẹ̀. Fún ẹni tó ń gba owó oṣù tabua, ẹ̀rín ni. Fún ẹni tó ń ka owó ọkọ̀ mọ́ owó oúnjẹ ọmọ, ó tó ohun tí a fi ń pa àwọ̀ dà.

Ìlú Lọ́ńdọ̀nù, tí àwọn Yorùbá Peckham ti ń fi káàdì Oyster wọ ọkọ̀ láti 2003, kò ṣàìrí irú rẹ̀. Ní oṣù Keje 2008, ẹ̀rọ Oyster daṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún káàdì sì bàjẹ́ nínú èyí àkọ́kọ́. Nígbà tí ó tún ṣẹlẹ̀, àwọn aláṣẹ ṣí géètì sílẹ̀ kí èrò máa kọjá lọ. Títí dòní, ẹni tí wọ́n gba owó àgbàjù lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé ìrìn-àjò rẹ̀ kò parí lórí ẹ̀rọ lè béèrè owó rẹ̀ padà. Wọ́n gbà pé ẹ̀rọ lè ṣàṣìṣe, wọ́n sì ti ya ọ̀nà àtúnṣe sọ́tọ̀.

Àwọn kan yóò ní bí wọ́n bá ní kí èrò máa wọlé lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tí ẹ̀rọ bá kọ̀, gbogbo ènìyàn ni yóò máa na káàdì wíwọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò le tó bẹ́ẹ̀. Kí àjọ LAMATA, tó ń ṣàkóso ètò ìrìnnà náà, pàṣẹ pé kí káàdì àyẹ̀wò kan tí wọ́n mọ̀ pé ó pé máa wà lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú rídà kọ̀ọ̀kan. Bí káàdì èrò bá kọ̀, kí wọ́n fi ti àyẹ̀wò kàn án ní ìwọ̀n jíjìn kan náà. Bí ìyẹn bá gbà, èrò ni kó yọ tirẹ̀ kúrò nínú pọ́ọ̀sì. Bí ìyẹn náà bá kọ̀, ẹ̀rọ ló jẹ̀bi, èrò ń wọlé nìyẹn. Ìyálọ́jà kì í dúró kí oníbàárà fi ẹ̀rí hàn pé wọ́n ti tẹ ìdí kóńgò bọ inú. Ó ní kóńgò tirẹ̀ tó fi ń wọ̀n ọ́n wò.

Kí rídà náà sì máa fi iye tó mú àti iye tó kù hàn gàdàgbà, kó máa kà á jáde ní Yorùbá pẹ̀lú fún ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran mọ́. Ìdá kan nínú ẹ̀tọ́ owó ẹyọ àtijọ́ ni ìyẹn yóò dá padà. Àkọsílẹ̀ ibi tí káàdì kọ̀ọ̀kan wọlé sí àti ibi tó ti jáde kò sì gbọdọ̀ di ohun tí ẹnikẹ́ni ń tú wò; òfin ààbò ìsọfúnni ara ẹni tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 kan ẹ̀rọ ọkọ̀ bó ṣe kan báńkì.

Káàdì àyẹ̀wò kan kò wọ́n ju káàdì lásán lọ. Fífi kan ẹ̀rọ kò gbà ju ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan lọ, ìyá tí wọ́n ní kó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní Ọbaníkòró ìbá ti jókòó kí ọkọ̀ tó dé Palmgrove.