Kí Fọ́tò Tó Kúrò Lọ́wọ́ Ẹni

Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹta ọdún 2024, tí í ṣe ọjọ́ Ìsinmi tí àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yà sọ́tọ̀ fún àwọn ìyá, ààfin Kensington ní Lọ́ńdọ̀nù fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí gbogbo ayé. Catherine, aya Ọmọọba William, ni ó jókòó láàrin àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta, tí tìyá-tọmọ ń rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà ọdún Kérésìmesì ọdún 2023 ni àwọn ènìyàn kò ti rí obìnrin náà kí ó jáde síta fún ayẹyẹ kankan, nítorí iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún un ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, àhesọ sì ti gba ìgboro kan. Fọ́tò yìí ni ààfin rò pé yóò pa ẹnu àwọn aláhesọ mọ́. Ṣùgbọ́n kàkà kí ewé àgbọn rọ̀, ńṣe ni ó ń le sí i. Ní alẹ́ ọjọ́ kan náà, àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń pín ìròyìn kárí ayé, àwọn bí Associated Press, Reuters àti AFP, kọ̀wé sí gbogbo àwọn oníbàárà wọn pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe lo fọ́tò náà mọ́. Associated Press ní ibi tí ọwọ́ òsì Charlotte, ọmọ rẹ̀ obìnrin, wà kò bá ara mu. Ó hàn gbangba pé a ti tún fọ́tò náà ṣe.

Ní ọjọ́ kejì, Catherine tọrọ àforíjì. Ó ní òun náà a máa dán àtúnṣe fọ́tò wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ àwọn tí kì í ṣe iṣẹ́ fọ́tò fún oúnjẹ òòjọ́ ti ń ṣe. Ọjọ́ kejìlélógún oṣù náà ni ó tó wá sọ fún ayé pé àrùn jẹjẹrẹ ni àwọn dókítà rí lára òun. Ẹni tí ó bá ní àánú lójú yóò káàánú rẹ̀. Síbẹ̀, kò mú ìpinnu àwọn oníròyìn yẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá AFP sì sọ ní gbangba pé ààfin Kensington kò sí lára àwọn tí àwọn lè gba ìròyìn lọ́wọ́ wọn láìyẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Etí aṣọ ọmọdé kan ni ó fa gbogbo èyí.

Ẹni tí kò mọ òfin iṣẹ́ ìròyìn lè sọ pé àṣejù ti wọ̀ ọ́. Kì í ṣe pé àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí kọ gbogbo àtúnṣe. Wọ́n gbà kí a gé etí fọ́tò, kí a fi ìmọ́lẹ̀ kún ibi tí ó ṣókùnkùn, kí a sì nu àmì eruku tí ó bà sójú kámẹ́rà kúrò. Ohun tí wọn kò gbà ni kí a fi ohun tí kò sí níbẹ̀ kún un, tàbí kí a yọ ohun tí ó wà níbẹ̀ kúrò. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2006, nígbà tí ogun ń lọ láàrin Ísírẹ́lì àti àwọn Hezbollah ti ilẹ̀ Lẹ́bánọ́nì, ọ̀kan nínú àwọn tí ń ya fọ́tò fún Reuters fi èéfín kún èéfín tí ó ń rú lórí ìlú Beirut. Iná jó lóòótọ́, èéfín sì rú lóòótọ́. Ó kàn fẹ́ kí ó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni. Reuters lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì kó gbogbo 920 fọ́tò rẹ̀ tí ó wà ní ọjà wọn kúrò. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ẹni tí ó bá bu èéfín kún fọ́tò kan, kò sí ẹni tí yóò mọ èyí tí kò bu nǹkan kún nínú àwọn yòókù.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ àtúnṣe fọ́tò kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilẹ̀ Yorùbá, kò sì di ìgbà tí kọ̀ǹpútà dé kí a tó mọ̀ ọ́n. Àwọn ayafọ́tò ìgbà àtijọ́ a máa fi pẹ́ńsùlù tí ó mú ṣóṣó pa àpá ojú rẹ́ lórí fíìmù kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Èyí tí ó jinlẹ̀ jù lọ nínú iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni fọ́tò ìbejì. Stephen Sprague, ayafọ́tò ará Amẹ́ríkà kan, ṣe ìwádìí láàrin àwọn ayafọ́tò ìlú Ìlá Ọ̀ràngún, ó sì gbé e jáde ní ọdún 1978 nínú ìwé ìròyìn tí a ń pè ní African Arts. Bí ọ̀kan nínú àwọn ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya fọ́tò wọn pọ̀, ayafọ́tò a ya èyí tí ó kù, a sì tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan ṣoṣo, tí yóò fi dà bí ẹni pé Táyé àti Kẹ́hìndé ni ó jókòó ti ara wọn. Bí ọ̀kan bá jẹ́ ọkùnrin tí èkejì sì jẹ́ obìnrin, a ya ọmọ tí ó kù nígbà méjì, lẹ́ẹ̀kan nínú aṣọ ọkùnrin, lẹ́ẹ̀kan nínú aṣọ obìnrin. Nínú àwọn ilé mìíràn, iṣẹ́ tí ère ìbejì ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni fọ́tò yìí wá ń ṣe.

Bí a bá fi òfin Reuters wọ̀n ọ́n, kò sí irọ́ tí ó tóbi tó èyí, nítorí odidi ènìyàn ni wọ́n fi kún un. Síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó tàn jẹ. Ìyá mọ̀, bàbá mọ̀, aládùúgbò tí ó bá wọlé tí ó gbójú sókè wo ògiri mọ̀ pé ọ̀kan ti lọ. Ohun tí àwọn òbí ń fẹ́ ni fọ́tò náà fi hàn, gbogbo ẹni tí ń wò ó ni ó sì mọ ìtàn rẹ̀. Catherine tún etí aṣọ ṣe, ó di ariwo, nítorí àwọn tí ó fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí kò mọ̀ pé ó fi ọwọ́ kàn án. Irú ìmọ̀ yìí náà ni ó wà nídìí òfin tí ilẹ̀ Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní oṣù kẹwàá ọdún 2017 àti èyí tí Norway bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní oṣù keje ọdún 2022, pé bí oníṣòwò bá fi ẹ̀rọ yí ìrísí ara ènìyàn padà nínú fọ́tò ìpolówó ọjà, kí ó kọ ọ́ síbẹ̀ kí aráyé mọ̀. Wọn kò ní kí ó má ṣe é.

Ìyàtọ̀ tí ó wà nínú ayé òde òní ni pé fọ́tò kì í dúró lára ògiri ilé mọ́. Àwọn tí kò mọ ìtàn rẹ̀ ni ó ń bá pàdé lọ́nà. Ẹ̀rọ náà tilẹ̀ ti ń ṣe iṣẹ́ ayafọ́tò Ìlá fúnra rẹ̀: Pixel 8 tí Google gbé jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2023 lè mú ojú ẹni tí ó rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò kan, kí ó fi rọ́pò ojú rẹ̀ tí ó fajú ro nínú òmíràn, títí gbogbo ẹbí yóò fi rẹ́rìn-ín pọ̀ ní ìṣẹ́jú tí wọn kò jọ rẹ́rìn-ín rí.

Àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé ní Òkè Ọya ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, nítorí àwọn ni ojú tí àwọn ará ilé fi ń wo ibẹ̀. Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ ní ọjà kan ní Kàdúná lọ́sàn-án, kí ilẹ̀ tó ṣú, fọ́tò rẹ̀ ti dé Ọ̀ffà, ó ti dé Òṣogbo, ìyá kan sì ti ń pe fóònù tí kò lọ. Ẹni tí ó dúró lójú fèrèsé tí ó ya èéfín tí ń rú lọ́nà jíjìn, tí ó wá gé ilé, igi àti òpópónà kúrò títí ó fi ku èéfín nìkan, kò fi nǹkan kan kún un. Gígé nìkan ni ó gé, èyí tí òfin àwọn oníròyìn pàápàá gbà. Síbẹ̀ ó lè jẹ́ pàǹtí ni wọ́n ń jó níbẹ̀, ẹni tí ó wà ní Òṣogbo kò sì ní ọ̀nà tí yóò fi mọ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Plateau ní ọdún 2018 burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìparí oṣù kẹfà ọdún náà ni wọ́n pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní agbègbè Gashish ní Barkin Ladi. Àwọn ọlọ́pàá sọ pé òkú náà jẹ́ 86. Kíákíá ni àwọn àwòrán abanilẹ́rù bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀ lórí Facebook pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ nìyí. Àwọn ọ̀dọ́ dí ọ̀nà ní Jọ́ọ̀sì, wọ́n sì pa àwọn tí ń kọjá lọ jẹ́jẹ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, BBC gbé ìwádìí kan jáde, nínú èyí tí àwọn ọlọ́pàá ti sọ pé ìròyìn èké àti àwòrán wọ̀nyí ní ọwọ́ nínú ikú ènìyàn tí ó lé ní méjìlá. Ọ̀kan nínú àwọn fídíò tí wọ́n ń pín kiri, Congo ni wọ́n ti yà á, ní ọdún 2012. Kò sí ẹni tí ó fi Photoshop kan fídíò náà. Orúkọ ìlú àti ọjọ́ tí ó yẹ kí ó bá a rìn ni ó jábọ́ lọ́nà, ẹlòmíràn sì so tirẹ̀ mọ́ ọn.

Ọ̀tọ̀ ni ohun tí fọ́tò ń sọ tí ojú kò rí. Gbogbo fọ́tò tí a bá fi fóònù yà ni ó ní àkọsílẹ̀ kan nínú, tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń pè ní Exif: ọjọ́, wákàtí, irú fóònù, àti ojúlé ibi tí a ti yà á gan-an bí ẹni tí ó ni fóònù kò bá ti pa ètò ibùdó nínú kámẹ́rà rẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2012, John McAfee, gbajúgbajà oníṣòwò tí orúkọ rẹ̀ wà lára ẹ̀rọ tí ń dáàbò bo kọ̀ǹpútà, ń sá fún àwọn ọlọ́pàá Belize tí wọ́n fẹ́ bi í léèrè nípa ikú aládùúgbò rẹ̀ kan. Àwọn oníròyìn Vice tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n sì gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì bí ó ti wà. Àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ fi hàn pé Guatemala ni ó wà. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, ọlọ́pàá Guatemala ti mú un. Ẹni tí ó fi ààbò kọ̀ǹpútà di olówó ni fóònù ẹlòmíràn tú àṣírí rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí ń gbé ní Kánò tí ó ń kọ́ ilé sí Ìwó, tí ó sì ń gbé fọ́tò ilé náà síta láti ìgbà ìpìlẹ̀ títí dé ìgbà òrùlé, kò sá fún ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n ní àkókò tí àwọn ajínigbé ń wá ẹni tí ó lówó lọ́wọ́ kiri, kò yẹ kí ó fún wọn ní ojúlé. WhatsApp a máa yọ àkọsílẹ̀ yìí kúrò bí a bá fi fọ́tò ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí fọ́tò. Facebook pẹ̀lú kì í fi í han àwọn tí ń wò ó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ti gbà á. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé WhatsApp a máa fún fọ́tò pọ̀ tí kì í fi í mọ́ kedere, nítorí náà àwọn tí ó fẹ́ kí ó mọ́ a máa fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí dókúmẹ́ǹtì. Bí a bá fi í ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀, tàbí nípasẹ̀ ímeèlì, gbogbo àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ ni ó ń bá a lọ.

Gígé pàápàá kò ní ìdánilójú tó bí àwọn ènìyàn ti rò. Ní oṣù kẹta ọdún 2023 ni àṣírí tú pé ohun èlò tí àwọn fóònù Pixel fi ń gé fọ́tò láti ọdún 2018 kì í sọ ibi tí a gé nù tán. Ó ṣì wà nínú fáìlì, ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà lè mú apá kan rẹ̀ padà wá. Wọ́n rí irú àbùkù bẹ́ẹ̀ nínú ohun èlò Windows 11. Google àti Microsoft tún un ṣe, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè tún àwọn fọ́tò tí ó ti jáde lọ ṣe. Bákan náà ni ẹni tí ó fi gègé dúdú orí fóònù kùn nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀: ọ̀pọ̀ gègé bẹ́ẹ̀ kò ki, bí a bá sì fi ìmọ́lẹ̀ kún fọ́tò náà, nọ́ńbà yóò yọ. Àpótí dúdú tí kò jẹ́ kí ohunkóhun hàn rárá ni ó dára, kí ẹni náà sì tún ya ojú fóònù fúnra rẹ̀, kí ó jẹ́ èyí tí ó yà náà ni yóò fi ránṣẹ́.

Ní ti àwọn ọmọdé, Òfin Ààbò Dátà ti ọdún 2023 fún ilẹ̀ Nàìjíríà béèrè ìyọ̀ǹda òbí kí àwọn ilé-iṣẹ́ tó lo ohun tí ó jẹ mọ́ ọmọ, ṣùgbọ́n ó yọ ohun tí ènìyàn ń ṣe nínú ilé ara rẹ̀ sílẹ̀. Òbí ni yóò dá a rò pé báàjì ilé-ìwé tí ó wà láyà ọmọ àti nọ́ńbà ọkọ̀ tí ó gbé e lọ yẹ kí ó bò mọ́lẹ̀. Àwọn tí ń gbé fọ́tò ìwé-ẹ̀rí àgùnbánirọ̀ ọmọ wọn síta láti fi dúpẹ́ náà ń kó nọ́ńbà rẹ̀ fún ẹni tí yóò fi ṣe ayédèrú.

Iṣẹ́ tí ó kéré jù ni ó sì ṣe pàtàkì jù fún ẹni tí ó wà lẹ́yìn odi ilé, èyíinì ni ọ̀rọ̀ tí a kọ sára fọ́tò: ibi tí a ti yà á, ọjọ́, wákàtí, àti ohun tí a tún ṣe nínú rẹ̀. Lára fọ́tò gan-an ni kí ó wà, kì í ṣe ìsàlẹ̀ rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ a máa jábọ́ bí fọ́tò bá ti ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Àwọn alága ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tí ń darí ojúlé WhatsApp sì lè sọ ọ́ di àṣà pé fọ́tò tí kò bá ní ibi àti ọjọ́ kò ní kọjá. Kí èyí tí a kọ́kọ́ yà, tí ọwọ́ kò kàn, sì wà nípamọ́ nínú fóònù, nítorí òun ni ẹlẹ́rìí lọ́jọ́ tí ìbéèrè bá dé. Nígbà tí ìbéèrè dé ní Lọ́ńdọ̀nù, ààfin Kensington sọ pé àwọn kò ní gbé ti àkọ́kọ́ síta, kò sì sí ohun tí àwọn oníròyìn lè fi dá Catherine láre.