Ẹni Òrìṣà Kì í Ṣe Ẹni Yẹ̀yẹ́

Ìfọ́n tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìlobùú ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kì í ṣe ìlú àjèjì létí ẹni tó bá gbọ́ ìtàn Yorùbá. Ìlú Òrìṣà Olúfọ́n ni, Olúfọ́n náà sì ni oyè ọba ibẹ̀ títí di òní olónìí. Àwọn tó mọ ìtàn sọ pé Ọbàtálá ni Òrìṣà Olúfọ́n, ẹni tí Olódùmarè gbé iṣẹ́ mímọ ènìyàn lé lọ́wọ́. A mọ̀ pé Mùsùlùmí àti ọmọlẹ́yìn Kristi ni ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa, a kò sì sọ pé kí ẹnikẹ́ni padà sídìí òrìṣà. Ẹ̀kọ́ inú ìtàn náà la fẹ́ fà yọ, nítorí ohun tí ojú wa ń rí láyé ìsinsìnyí.

Wọ́n ní lọ́jọ́ kan, òùngbẹ gbẹ Ọbàtálá lẹ́nu iṣẹ́, ó mu ẹmu, ẹmu sì pa á. Ọwọ́ rẹ̀ kò gún mọ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe mọ abuké, arọ, afín àti aràrá. Nígbà tí ojú rẹ̀ dá, kò fọ́ wọn, kò sì bá wọn wí. Ó gbà pé ọwọ́ òun ló ṣe é, ó ní tòun ni gbogbo wọn, ó sì fi ẹmu ṣe èèwọ̀ títí láé. Ìdí nìyí tí a fi ń pè wọ́n ní ẹni òrìṣà. Ẹ kíyè sí i pé ẹni tó mọ wọ́n ló gba ẹ̀bi, kì í ṣe ẹni tí a mọ.

Òrìṣà yìí bá àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú dé ilẹ̀ Brazil. Ní Bahia, Oxalufan ni wọ́n ń pè é, arúgbó tó ti tẹ̀, tó ń fi ọ̀pá rìn, ni wọ́n sì mọ̀ ọ́n sí. Wọ́n ń sọ ọ́ níbẹ̀ pé ó ń lọ kí Ṣàngó, Èṣù sì da epo àti èédú sí i láṣọ funfun lọ́nà. Bó ṣe dé ìlú, àwọn ènìyàn wo aṣọ rẹ̀ tó dọ̀tí, wọ́n ní olè ni, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún méje. Òjò kò rọ̀, obìnrin kò bímọ. Ìgbà tí Ṣàngó mọ ẹni tó wà lẹ́wọ̀n ni wọ́n tó pọnmi wá, tí wọ́n fi ẹ̀bẹ̀ wẹ̀ ẹ́ mọ́. Ìlú tó fi ìrísí dá ènìyàn lẹ́jọ́ ló jìyà rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ni àwa ń ṣe nílé níbí? Afín di ẹni tí àwọn ọmọdé ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ lójú pópó. Òbí mìíràn a máa gbé ọmọ rẹ̀ tó yarọ pamọ́ sẹ́yìnkùlé bí àlejò bá dé. Àwọn kan ṣì ń sọ pé afín kò gbọdọ̀ jẹ iyọ̀. Kò sí òótọ́ níbẹ̀. Oòrùn ló ń ba ara afín jẹ́, kì í ṣe iyọ̀. Èròjà tó ń mú àwọ̀ wa dúdú, tó sì ń gbà wá lọ́wọ́ oòrùn, ni kò tó lára rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àrùn jẹjẹrẹ awọ ara fi ń tètè mú un, ojú rẹ̀ kì í sì í ríran jìnnà. Fìlà tó fẹ̀ létí, aṣọ alápá gígùn àti ìjókòó iwájú nítòsí pátákó ìkọ̀wé ni ọmọ afín nílò. Láti ọdún 2015 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ń fi ọjọ́ 13 oṣù kẹfà sọrí wọn lọ́dọọdún.

Èyí tó wá yani lẹ́nu jù ni pé ohun tí afín ń fi àìní rẹ̀ jìyà yìí ni àwa tí a ní in ń fi owó wa bó dànù. Ìpara tó ń bóra kún ọjà wa. Ìyá mìíràn a tún máa fi pa ọmọ ọwọ́ lára. Mẹ́kúrì tó wà nínú òmíràn a máa ba kíndìnrín jẹ́. Òmíràn a máa sọ awọ ara di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, débi pé ojú ọgbẹ́ kì í fẹ́ jinná mọ́. Ní ọdún 2023, NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti òògùn, kéde pé bíbóra ti di ọ̀rọ̀ pàjáwìrì fún ìlera orílẹ̀-èdè yìí. Àwọn àgbà ní, òrìṣà, bí o kò bá lè gbè mí, ṣe mí bí o ti bá mi. Ìpara ló yẹ kí a máa pa òwe náà fún báyìí.

Ta ló tilẹ̀ sọ pé pupa nìkan ló lẹ́wà? Yorùbá tó ń pe ọmọ kan ní apọ́nbéporé náà ló ń pe èkejì ní adúmáadán. Ejì tí àwọn kan ń fẹ́ dí lẹ́nu, ẹwà la kà á sí. Àbàjà àti pélé tí àwọn òbí wa kọ torí ẹwà ti di ohun tí àwọn mìíràn ń tijú. Ẹwà tí a ń sáré lé kì í dúró sójú kan; ẹni tó bá ń lé e kò ní sinmi.

Òfin wà o. Ní oṣù kìíní ọdún 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin tó ka yíya àkàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀ léèwọ̀. Ẹni tó bá rú u lè san ₦100,000, ó sì lè ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Òfin náà fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀ ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ arọ lè gbà wọlé. Ọdún márùn-ún náà pé ní 2024. Ẹ wo ilé ìwé, ilé ìwòsàn àti ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ yín, kí ẹ ka èyí tó ti ṣe é.

A ń rọ ìjọba kí òfin yìí dé ìgbèríko, kí NAFDAC sì máa yẹ ọjà àwọn ìlú kéékèèké wò. A ń rọ àwọn ọba, ààfáà àti pásítọ̀ kí wọ́n sọ ọ́ fún àwọn ènìyàn wọn. Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi àwọ̀ ọmọ kan wé ti èkejì. Kò sí ẹ̀dá tí kò ní àléébù. Ti ẹlòmíràn kàn fara sin sábẹ́ aṣọ ni. Bí ọmọ yín bá sì bèèrè ìdí tí ara afín fi rí bẹ́ẹ̀, ẹ sọ ìtàn Òrìṣà Olúfọ́n fún un, kó mọ̀ pé ẹni tó mọ afín kò tijú rẹ̀.