Ó Yẹ Kí Olùkọ́ Mọ Òkúta Ilẹ̀ Rẹ̀

Lórí ọ̀rọ̀ ìsinmi tí ń bọ̀, ìmọ̀ kò ṣọ̀kan nínú kọ́lẹ́ẹ̀jì wa. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa fẹ́ kí a wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Abẹ́òkúta láti kó oríṣiríṣi òkúta jọ fún ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn mìíràn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí ni olùkọ́ fẹ́ fi òkúta ṣe, nígbà tí kì í ṣe birikilà. Àwa gbà pé ó yẹ kí a lọ, a sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀, àti bí ó ti yẹ kí a ṣe é.

Ìdí kìíní ni pé àwa ará Yábà, Súrùlérè àti Múṣin kò ní òkè, bẹ́ẹ̀ ni a kò ní àpáta. Yanrìn, amọ̀ àti ilẹ̀ pupa ni a tẹ̀dó lé. Ọmọ tí a bí ní Múṣin lè rò pé inú ọkọ̀ típà ni gíránáìtì ti ń wá. Láti ìgbà pípẹ́ sì ni Èkó ti ń jẹ gbèsè òkúta lọ́wọ́ àwọn ará òkè: nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn ògiri òkúta tí ó dáàbò bo ẹnu ọ̀nà èbúté Èkó ní ọdún 1908, láti Aro lẹ́bàá Abẹ́òkúta ni reluwé ti ń ru òkúta wọn wá. Àwọn àgbà a máa wí pé ẹni tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí, yóò ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Bí ó bá ṣe pé olùkọ́ pàápàá kò tí ì dé oko náà ńkọ́?

Ọ̀nà kò jìn. Láti oṣù kẹfà ọdún 2021 ni ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ń gbéra ní Alágómejì, ní Yábà, lọ sí Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn. Ẹni tí ó bá sì fi sùúrù wo ẹyọ gíránáìtì kan yóò rí ohun mẹ́ta nínú rẹ̀: quartz tí ń dán bí ìfọ́ ìgò; feldspar, funfun tàbí pupa rúsúrúsú, tí ojú rẹ̀ tẹ́jú níbi tí ó bá ti fọ́; àti mica dúdú, tí ń ṣí ní pẹlẹbẹ bí ewé ìwé. Ìdánwò wọn kò gba owó. Quartz a máa ha dígí. Èékánná a máa ha talc. Bí a bá kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí ìyẹ̀fun òkúta mábù, yóò hó. Ọmọ tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ dán an wò kò ní tètè gbàgbé.

Ìdí kejì wúwo ju èyí lọ. Ní ọdún 2010, ní Ìpínlẹ̀ Zamfara, àwọn òbí tí ń wa wúrà ń lọ òkúta rẹ̀ nínú ọgbà ilé wọn. Òjé wà nínú òkúta náà. Eruku rẹ̀ bà lé ilẹ̀ tí àwọn ọmọdé ń ṣeré lórí rẹ̀, ó sì wọ inú oúnjẹ àti omi. Àwọn ọmọ tí ó kú lé ní 400. Àìmọ̀ ni ó pa wọ́n. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ní wúrà tirẹ̀ pẹ̀lú, a sì ń wà á títí di òní. A lè rán ẹnikẹ́ni nínú wa lọ kọ́ni níbẹ̀ lọ́la. Bí kò bá mọ òkúta, kí ni yóò sọ fún àwọn òbí?

Ṣùgbọ́n a kò fara mọ́ àwọn tí ó ní kí a mú òòlù lọ sí Olúmọ. Abẹ́ àpáta náà ni àwọn Ẹ̀gbá sá sí ní ọdún 1830, òun ni ìlú fi gba orúkọ, ojúbọ sì wà níbẹ̀. Àwọn kan yóò bi wá pé, kí ni ojúbọ já mọ́ fún Kristẹni? Èsì wa ni pé ẹni tí ó bá fọ́ ohun ìní aládùúgbò rẹ̀ kò tí ì fi ìgbàgbọ́ hàn. Ẹ wo Èsìẹ́, níbi tí ère òkúta tí ó lé ní 800 wà. Ní ọdún 1933, H. G. Ramshaw, alábẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ C.M.S., sọ wọ́n di mímọ̀ fún àwọn ará òde. Ní ọdún 1945 a sì ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà síbẹ̀. Ẹ̀kọ́ ni èyí fún àwa tí ń lọ sẹ́nu iṣẹ́ kan náà.

Nítorí náà, kí a gba àyè lọ́wọ́ àwọn tí ń fọ́ òkúta fún títà, kí a sì ṣa èyí tí ó ti já sílẹ̀. Kí a kọ orúkọ ibi tí a ti rí i mọ́ olúkúlùkù, nítorí òkúta tí a kò mọ ibi tí ó ti wá kò lè kọ́ ẹnikẹ́ni ní ohun púpọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ahọ́n tọ́ ọ wò, kí a sì fọ ọwọ́ kí a tó jẹun. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe ronú títà: òfin ọdún 2007 fi ohun àlùmọ́nì ilẹ̀ yìí sí ìkáwọ́ Ìjọba Àpapọ̀.

Orí 28 ìwé Jóòbù sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí ń wá ìṣúra nínú òkè, kí ó tó béèrè ibi tí a ti lè rí ọgbọ́n. A bẹ àwọn olùkọ́ wa pé kí wọ́n fún wa ní ọjọ́ Sátidé kan ṣoṣo àti àpótí onígi kan. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa tí ń rẹ́rìn-ín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa lọ.