Ẹ Kọ́ Wọn Bí A Ṣe Ń Wọ Ilé Onílé: Akẹ́kọ̀ọ́ Sáyẹ́ǹsì àti Àwọn Ará Etí Omi Ìlàjẹ

 

Nínú Odù Ìká Òfún, Ifá sọ ìtàn àwọn àgbà mẹ́rìndínlógún tí wọ́n ń lọ sí Ilé-Ifẹ̀ láti tọrọ ẹ̀mí gígùn. A kìlọ̀ fún wọn: kí wọ́n má ṣe sọ pé àwọn mọ ohun tí wọn kò mọ̀, kí wọ́n má ṣe gba ẹ̀bùrú wọ ilé ọba, kí wọ́n má ṣe gba ọ̀pá lọ́wọ́ afọ́jú, kí wọ́n má sì tú àṣírí tí a fi sí wọn lọ́wọ́. Wọn kò gbọ́. Nígbà tí ikú bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn, Ọ̀rúnmìlà ni wọ́n dá lẹ́bi. Ọ̀rúnmìlà ní òun kọ́. Òfin tí wọn kò pa mọ́ ni.

Àwa awo ni a sábà máa ń fi Odù yìí bá wí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Lónìí, àwọn mìíràn ni mo fẹ́ kà á sí létí: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ń wá oyè kejì àti oyè ọ̀mọ̀wé, àti àwọn olùkọ́ tí wọ́n ń rán wọn jáde. Ẹni tó ránni níṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù.

Ẹ wo Mahintẹ̀dó àti àwọn ìletò tó yí i ká ní etí omi Ìlàjẹ. Etíkun Máhìn kò rí bí ti Èkó. Ẹrẹ̀ ni ibẹ̀, kì í ṣe iyanrìn funfun, òkun sì ń jẹ ilẹ̀ náà lọ. Ní Ayétòrò, ìlú tí a tẹ̀dó ní 1947, òkun ti gbé ilé àti òpópónà mì. Epo rọ̀bì tún wà nínú òkun yẹn. Abájọ tí ibẹ̀ fi jẹ́ ibi tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì yóò fẹ́ dé: ẹni kan yóò bu omi, ẹni kan yóò wa ẹrẹ̀, òmíràn yóò ra ẹja lọ́wọ́ apẹja láti lọ là á wò, òmíràn yóò béèrè ewé lọ́wọ́ oníṣègùn. Yunifásítì Olusegun Agagu ní Òkìtìpupa kò jìnnà, ti ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Àkúrẹ́. N kò bá wọn jà sí wíwá wọn. Ẹni tí òkun ń lé kúrò nílé nílò ẹni tó lè wọn òkun.

Ṣùgbọ́n kí ni a kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ náà kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi? A kọ́ ọ bí a ṣe ń fọ ìgò kí ìdọ̀tí má ba omi jẹ́, àti bí a ṣe ń kọ èsì sínú tábìlì. Ta ni ó kọ́ ọ pé ibi tí ó fẹ́ ti bu omi lè jẹ́ ojúbọ? Ta ni ó sọ fún un pé Malokun ni ọ̀pọ̀ àgbà ibẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n bá dojú kọ òkun? Ìwà ọmọlúàbí nìkan kọ́ ni mo ń sọ; iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì náà ni yóò kọ́kọ́ bàjẹ́. Bí a bá bi àgbà ní ìbéèrè bí ọlọ́pàá, èsì tí a máa ń fún ọlọ́pàá ni yóò fún wa. Apẹja tó ti ń dẹ àwọ̀n láti ìgbà èwe mọ ìgbà tí àwọ̀ omi yí padà, kò sì ní sọ ọ́ fún ẹni tí kò jókòó.

Wọ́n sì ní ìdí láti fura. Ní oṣù Karùn-ún 1998, àwọn ọmọ Ìlàjẹ lọ fẹ̀hónú hàn lórí pèpéle epo Parabe ti Chevron. Ọkọ̀ òfuurufú tí iléeṣẹ́ náà háyà ni ó gbé sójà débẹ̀. Èèyàn méjì kú. Ẹjọ́ náà dé San Francisco, ìgbìmọ̀ adájọ́ sì dá iléeṣẹ́ náà láre ní oṣù Kejìlá 2008. Ẹni tí ó mọ ìtàn yìí kò ní yà á lẹ́nu bí àgbà kan bá bi àlejò tó gbé ìgò àti ìwé dání pé, “Ta ló rán ọ?”

Ìdáhùn yunifásítì sí ìbéèrè yẹn ni ìwé ìfọwọ́sí. Ìwé náà dára, ṣùgbọ́n àdéhùn ti wà ní ilẹ̀ Ìlàjẹ kí ìwé tó dé, Ayélála sì ni ẹ̀rí rẹ̀. J. Omosade Awolalu kọ nípa òrìṣà yìí ní 1968. Gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti ń pa ìtàn náà, ọkùnrin Ìlàjẹ kan bá ìyàwó ìjòyè ṣe àgbèrè, ó sì sá lọ bá àwọn Ìjọ. Àwọn Ìjọ gbà á sílé, wọn kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ fẹ́ di ogun. Níkẹyìn, ẹrúbìnrin kan ni a fi rọ́pò ẹni tó ṣẹ̀. Kí ó tó kú, ó ké pé, “Ayélála,” ayé le, ayé dẹ́rù bani. Láti ìgbà náà ni ìhà méjèèjì ti ń fi orúkọ rẹ̀ dá májẹ̀mú, ẹni tó bá sì dalẹ̀ mọ ẹni tí yóò bi í.

Àwọn ènìyàn máa ń sọ ìtàn yìí láti fi dẹ́rù ba olè. Ohun tí ó máa ń dùn mí níbẹ̀ yàtọ̀: àwọn alágbára méjì ṣe àdéhùn, ẹni tí a kò bi léèrè ni ó san gbèsè rẹ̀. Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti gba àṣẹ lọ́dọ̀ ọba tàbí baálẹ̀, iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ó kù kí ó bi ìyá tó ń sá ẹja, kí ó bi olórí ojúbọ, kí “rárá” ẹnì kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ rárá.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan. Ní Amẹ́ríkà, àwọn Havasupai ti àfonífojì Grand Canyon fún àwọn olùwádìí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Arizona ní ẹ̀jẹ̀ wọn láti 1990, nítorí pé àtọ̀gbẹ ń pa wọ́n. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ pé a ti fi ẹ̀jẹ̀ kan náà wádìí àrùn ọpọlọ, àti ibi tí àwọn baba ńlá wọn ti ṣí wá, ohun tó tako ìtàn ìṣẹ̀dá wọn. Ní 2010, yunifásítì náà san 700,000 dọ́là fún èèyàn 41, ó sì dá ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ́kù padà. Ẹni tó bá mọ ohun tí ẹ̀jẹ̀ jẹ́ nínú ẹbọ yóò mọ̀ pé dídápadà yẹn ju owó lọ. Ní South Africa, àwọn San kò dúró de ẹjọ́: ní 2017 wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ òfin tí olùwádìí gbọ́dọ̀ tẹ̀lé.

A rí ẹni tó ṣe é ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Pierre Verger, ọmọ Faransé, di babaláwo ní Kétu ní 1953, wọ́n sì sọ ọ́ ní Fátúmbí. Ìwé rẹ̀ lórí ewé, Ewé, jáde ní 1995. N kò sọ pé kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tẹ Ifá o! Mo ń sọ pé ó jókòó pẹ́.

Àwa náà ní ẹ̀bi. Àwọn kan nínú wa ń ta irọ́ fún ọmọ yunifásítì nítorí owó ọtí. Àwọn kan sì di ewé mọ́wọ́ tí wọ́n fi kú. Ìká Òfún kò yọ wá sílẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo ń ṣe ètò ẹ̀kọ́ náà, sáà ìkẹ́kọ̀ọ́ kan gbáko ni yóò jẹ́, kì í ṣe àlàyé wákàtí méjì. Àgbà apẹja àti olórí ojúbọ yóò wà lára olùkọ́, a ó sì san owó olùkọ́ fún wọn, bí a ti ń gbé èrù kalẹ̀ fún babaláwo. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ orúkọ ẹni tó kọ́ ọ sínú ìwé rẹ̀, bí ẹni náà bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí a tó fún un ní oyè, yóò padà sí etí omi, yóò dúró níwájú àwọn tó fún un ní omi, ẹrẹ̀ àti ẹja, yóò sì sọ ohun tí ó rí fún wọn ní èdè Ìlàjẹ, tàbí kí ó mú ògbufọ̀ lọ. Bí iyọ̀ ti wọ inú kànga wọn, kí àwọn ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́.